Ẹ wo ẹni tó ń wa bàálù kí ẹ tó yọ̀ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé kan kọ sí yín pé ojúkòkòrò ló ń da àwọn páìlọ́ọ̀tì láàmú, pé ẹni tó ń gbowó tó tó báyẹn ò yẹ kó tún máa dárúkọ sítíráìkì, pé kí ìjọba ṣáà ṣílẹ̀kùn kí gbogbo ilé iṣẹ́ bàálù àgbáyé wọlé kí tíkẹ́ẹ̀tì lè wálẹ̀. Mo bá a dé ìdajì ọ̀nà. Ìdíje dáa. Gbogbo wa la ṣáà rí i nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ Èkó sí Gatwick ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2024, kíá làwọn òyìnbó tó ti ń gbowó gọbọi lọ́wọ́ wa rántí pé àwọn náà lè dín in kù. Ibi tí mi ò ti bá a lọ mọ́ ni pé ó rò pé inú èrè ọlọ́jà ni owó tí wọ́n bá yọ lórí tíkẹ́ẹ̀tì ti máa jáde. Kò dájú o. Epo bàálù ò gbẹ̀bẹ̀, Boeing àti Airbus ò ní ta ọjà wọn lọ́pọ̀ torí pé èrò fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú, owó pápákọ̀ òfurufú náà wà ńbẹ̀ bó ṣe wà. Òṣìṣẹ́ lapá wọn ká.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Norwegian, torí òun ló hàn jù. Ilé iṣẹ́ bàálù ará Nọ́wè ni, tíkẹ́ẹ̀tì wọn ò wọ́n, bàálù wọn tuntun, Boeing 787 ni wọ́n fi ń gba orí òkun Àtìláńtíìkì lọ sí Amẹ́ríkà. Òfin iṣẹ́ le ní Nọ́wè, yúníọ̀nù ibẹ̀ sì lágbára. Ni wọ́n bá lọ dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní Ireland, wọ́n gba ìwé àṣẹ ibẹ̀ ní 2014, ejẹ́ńtì kan ní Singapore ló ń bá wọn gba àwọn páìlọ́ọ̀tì kan, Bangkok ni wọ́n sì fi ṣe ibùdó fún wọn. Ẹ bá mi rò ó wò, owó Nọ́wè, ìwé Ireland, kọ́ńtíráàtì Singapore, páìlọ́ọ̀tì tó ń gbéra láti Thailand. Ó dà bí ẹni tó ń gbé Ìbàdàn, tó ń tajà n'Íbàdàn, àmọ́ tó bá ti di owó orí ó di ará Kútọnu. Tí wọ́n bá jẹ páìlọ́ọ̀tì yẹn lówó, ilé ẹjọ́ wo ló fẹ́ gbà lọ?

ALPA, ìyẹn yúníọ̀nù àwọn páìlọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà, fariwo ta, wọ́n ní ohun tó ba iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi jẹ́ ló tún fẹ́ gòkè wá sí òfurufú yìí. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní Apapa rí á mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ará Gíríìkì ló lọkọ̀, àwọn ará Philippines ló ń ṣiṣẹ́ inú ẹ̀, àsíá Làìbéríà ló ń fẹ́ lórí ẹ̀. Norwegian ní tiwọn ní kì í ṣe torí owó oṣù, àwọn fẹ́ fi ìwé Ireland jàǹfààní àdéhùn tí Yúróòpù ní pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè míì ni, wọ́n tiẹ̀ ṣèlérí pé òṣìṣẹ́ tó ní ibùdó ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà nìkan làwọn máa lò lọ sí Amẹ́ríkà. Ó lè jẹ́ òótọ́. Èyí tó jọ mí lójú níbẹ̀ ni pé abala kan wà nínú àdéhùn Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, 17 bis ni wọ́n ń pè é, 2010 ni wọ́n fi kún un, ó ní àǹfààní tí àdéhùn yẹn bá mú wá, kì í ṣe láti fi ba ipò òṣìṣẹ́ jẹ́. Ó dùn ún gbọ́ létí. Àmọ́ nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà máa dáhùn ní December 2016, ọdún mẹ́ta gbáko lẹ́yìn tí Norwegian gbé ìwé wá pé kí ẹ̀ka Ireland náà máa fò lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n ní abala yẹn ò tó ohun táwọn lè fi lé ẹnikẹ́ni padà, ni wọ́n bá fọwọ́ sí i. (Ìrìn ọ̀nà jíjìn yẹn ò kúkú tọ́jọ́, kòrónà dé, nígbà tó di January 2021 wọ́n pa á tì.)

Ryanair náà nìyẹn, ilé iṣẹ́ bàálù pọ́ọ́kú ti Ireland, nígbà yẹn ọ̀pọ̀ páìlọ́ọ̀tì wọn ni kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn lórí ìwé, ejẹ́ńtì ló mú wọn wá, lórí ìwé oníṣòwò aládàáni ni wọ́n, ẹni tó bá ṣàìsàn mọ tara ẹ̀. Ọdún 2017 lojú là díẹ̀. Ní September ọdún yẹn àwọn tó ń tọ́jú èrò nínú bàálù, tí Charleroi ní Belgium jẹ́ ibùdó wọn àmọ́ tó jẹ́ kọ́ńtíráàtì Ireland ni wọ́n fún wọn, gbẹ́jọ́ dé ilé ẹjọ́ gíga Yúróòpù, ilé ẹjọ́ sì sọ pé ibi tí èèyàn ti ń gbéra lọ síbi iṣẹ́, tó tún ń padà sí, ṣe pàtàkì gan-an nínú mímọ kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀, kì í ṣe ibi tí ọ̀gá kọ sínú ìwé nìkan. Oṣù yẹn kan náà ni Ryanair bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé ìrìnàjò lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún torí wọ́n ti da ètò ìsinmi páìlọ́ọ̀tì rú, wọn ò wá rí ẹni tó tó lò, nígbà tó fi máa di December ilé iṣẹ́ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ń sọ pé òun ò ní bá yúníọ̀nù jókòó láéláé ló ní òun ti gbà.

Òǹkàwé yẹn á ní kí ló kan èrò tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì 2009, bàálù kékeré kan gbéra ní Newark, ó ń lọ Buffalo. Orúkọ Continental ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì àwọn èrò, àmọ́ Colgan Air, ilé iṣẹ́ kékeré tó ń bá wọn ṣe agbaṣẹ́ṣe, ló ń wà á. Ó já lulẹ̀ lé ilé onílé, gbogbo èèyàn 49 inú ẹ̀ kú, ẹnì kan tún kú nínú ilé. Ìgbà tí wọ́n wá ń ṣèwádìí la gbọ́ pé obìnrin tó jẹ́ igbákejì awakọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn òbí ẹ̀ lágbègbè Seattle ló ń gbé, òpin kejì Amẹ́ríkà pátápátá, ó fi gbogbo òru wọ bàálù wá síbi iṣẹ́, yàrá òṣìṣẹ́ ní pápákọ̀ ló ti rẹjú. Owó ọdún kan tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ fún un níbi ìwádìí, nǹkan bí 16,000 dọ́là, ilé iṣẹ́ náà padà wá ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ fìyẹn háyà yàrá sítòsí Newark?

N ò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, àṣìṣe ọ̀gá awakọ̀ ni àwọn olùwádìí kà sí ohun tó fa ìjàǹbá náà, bàálù ń kì í nílọ̀ pé ó fẹ́ já, dípò kó tẹ imú ẹ̀ wálẹ̀ ó fà á sókè. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí àárẹ̀ bá àwọn méjèèjì jà, wọn ò kàn lè sọ bó ṣe pọ̀ tó. Àmọ́ àwọn ẹbí òkú ò jókòó sílé sunkún, Washington ni wọ́n gbà lọ, lemọ́lemọ́, títí òfin fi jáde ní 2010. Igbákejì awakọ̀ tó jẹ́ pé wákàtí 250 tó fi wa bàálù ló tó tẹ́lẹ̀ di 1,500 láti 2013, ìsinmi kí páìlọ́ọ̀tì tó padà sẹ́nu iṣẹ́ di wákàtí mẹ́wàá láti 2014. Páìlọ́ọ̀tì wá wọ́n lọ́jà, àwọn ilé iṣẹ́ kékeré wọ̀nyẹn ló tún wá ń du wọn mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ní 2022 àwọn kan nínú wọn gbé owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dé 90 dọ́là ní wákàtí kan. Delta Air Lines, ilé iṣẹ́ bàálù ńlá Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí àfikún owó páìlọ́ọ̀tì 34% ní 2023, wọ́n pín in sí ọdún mẹ́rin. Mo ṣì ń rí bàálù lójú ọ̀run Amẹ́ríkà o, wọn ò tíì kógbá wọlé.

Ó wá ku tiwa. Láti June 2023 tí náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lulẹ̀, láti nǹkan bí 460 sí dọ́là kan títí tó fi lọ sí agbègbè 1,500, owó oṣù páìlọ́ọ̀tì tó ń gba náírà ti di ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó jẹ́ lójú Dubai àti Addis, àjèjì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sì ń gba dọ́là ní tiẹ̀. NAAPE, yúníọ̀nù àwọn páìlọ́ọ̀tì àti ẹnjiníà bàálù wa, ti sọ èyí títí ẹnu ń bó wọn. Ẹ tún wo bàálù tí wọ́n ń yá wá láti Yúróòpù tòun ti awakọ̀ inú ẹ̀, wọ́n ní fúngbà díẹ̀ ni, kí tiwa tó wà lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì lè padà dé. Ọmọ àbúrò mi kan ní láísẹ́ǹsì, ẹbí ta ilẹ̀ kí ó tó parí, ilé iṣẹ́ tó lọ bá ní kó lọ fowó ara ẹ̀ kọ́ irú bàálù tí àwọn ń lò kó tó padà wá, ó wà nílé báyìí ó ń ta káàdì fóònù.

Ilẹ̀kùn tí òǹkàwé yẹn ní ká ṣí, wọ́n tiẹ̀ ti ń ṣí i. Àdéhùn òfurufú gbayawu tí a bá Amẹ́ríkà ṣe láti 2000 ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní May 2024 ni, ti Áfíríkà fúnra ẹ̀, SAATM, wọ́n ti ṣí i ní Addis láti January 2018, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Kò sóhun tó ní kí ẹnì kan má lọ gba ìwé àṣẹ ní orílẹ̀-èdè tí òfin iṣẹ́ ẹ̀ rọ̀ jù, kó wá máa gbé èrò Èkó lọ gbé èrò Accra. Ohun tí mo fẹ́ ò le: kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn, lédè tó lágbára ju 17 bis lọ, pé páìlọ́ọ̀tì tí Èkó tàbí Àbújá bá jẹ́ ibùdó ẹ̀, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ló dè é, National Industrial Court, ilé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wa, sì lè gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀, ibi yòówù tí ejẹ́ńtì lè wà. Ẹni tó bá sì yá bàálù tòun ti awakọ̀ wá, kó fi orúkọ ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ́ lọ́wọ́ láti rọ́pò wọn hàn kí wọ́n tó sún ìwé ẹ̀ síwájú.

Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi sọ fún akọ̀ròyìn yín tó wà l'Ábùjá, tó bá tún rí mínísítà ọkọ̀ òfurufú, kó bi í léèrè pé nínú gbogbo àdéhùn òfurufú tí wọ́n ti fọwọ́ sí, èwo ló dárúkọ òṣìṣẹ́ nínú wọn. Tó bá ní ó wà, kó ka nọ́ńbà abala ẹ̀ sí wa létí.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òkè-Ìlewó, Abẹ́òkúta.