Àbẹ̀kẹ́, ọrùn kẹ̀kẹ́ rẹ kò wọlé tó

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Mo pè ọ́ títí, fóònù ń dún, o ò gbé e. Bóyá iṣẹ́ ni, bóyá ìbínú ni, n kò mọ̀. Àhesọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé o ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn. N kò gbà á gbọ́ àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi fọ́tò hàn mí. Inú mi dùn o. Mo ní kí ó fà á kí ó tóbi kí n lè wo kẹ̀kẹ́ náà dáadáa. Ìgbà yẹn ni àyà mi já.

Ọrùn tuntun tí o rà yẹn, irin tó gbé háńdù dúró, o fà á sókè jù. Wo ara rẹ̀, lókè nọ́ọ̀tì ńlá tó wà lórí fọ́ọ̀kì, irin tó di táyà iwájú mú: wàá rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fín síbẹ̀. Ọ̀ṣọ́ kọ́. Inú ló yẹ kí wọ́n wà, kí ojú má rí wọn. Tí ìlà yẹn bá ti yọ síta, èyí tó kù nínú fọ́ọ̀kì kò tó nǹkan. Ọjọ́ tí o bá tẹ bíríkì lójijì, tí gbogbo ara rẹ sì dà lé háńdù, ó lè ṣẹ́, ó lè yọ. O sì ń gùn ún sọ̀kalẹ̀ ní Òkè Mọ́kọ́lá!

Màmá rẹ ń kí ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń san. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ìjì ká páànù ilé ìdáná lọ, a ti kàn án padà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ìwọ fúnra rẹ lo dè é, pé ẹ̀yìn ló ń dùn ọ́ tí o fi fẹ́ kí háńdù ga. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n a kì í fa ọrùn kúkúrú ga, èyí tó gùn là ń rà. Kí o sì wo bó ṣe nípọn tó: 22.2 mílímítà ló wọ́pọ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ 21.1. Ojú lásán kì í dá wọn mọ̀, àmọ́ tí o bá ki tín-ín-rín bọ ihò ńlá, kò sí bí o ṣe dè é tí kò ní máa mì.

Tú u. Bóòtù gígùn tó wà lórí, yí i díẹ̀, má yọ ọ́ tán. Fi pákó lé e, kí o fi òòlù gbá a, kí irin tó há sí ìsàlẹ̀ lè tú. Fi gíríìsì pa ọrùn náà kí ó má baà dógùn-ún mọ́ inú fọ́ọ̀kì. Wá tì í wọlé títí ìlà yẹn á fi wọlé tán. Tán ni mo wí. Tí o bá ti dè é, dúró níwájú kẹ̀kẹ́, fi orúnkún méjèèjì há táyà, kí o gbìyànjú láti yí háńdù. Tó bá yí tí táyà ò yí, má gùn ún. Wo okùn bíríkì náà bóyá ó ń fà tí o bá yí háńdù sọ́tùn-ún sósì.

Mo mọ̀ pé wàá ṣe yẹ̀yẹ́ mi: bàbá tó ní kí n má fọwọ́ kan sípánà ló wá ń kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́. Òótọ́ ni. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù Sábó. Ìwọ tó máa ń jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ lẹ́yìn iléèwé, ńṣe ni mò ń lé ọ lọ sílé, mo ní gíríìsì á ba yunifọ́ọ̀mù jẹ́. Yunifọ́ọ̀mù kọ́. Ẹnu ayé ni mò ń sá fún, kí wọ́n má wí pé mo fi ọmọbìnrin sídìí kẹ̀kẹ́. Àwọn tó fẹ́ wí i nígbà náà, mélòó nínú wọn ló mọ̀ pé o wà láyé lónìí? Ká ní mo jẹ́ kí o jókòó ni, ìlà yẹn ì bá ti yé ọ kí o tó mọ ìwé kà dáadáa.

Olórí kunkun. Háńdù tí o dè yẹn sì gún o, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọṣẹ́ mi kan ò rí i ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gba fírídọ̀ọ̀mù.

Má gun kẹ̀kẹ́ yẹn lọ́la. Mo ti fi owó mọ́tò ránṣẹ́, má fi ra nǹkan mìíràn. Tí o bá ti tún un dè, ya fọ́tò ọrùn yẹn nìkan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ. Tí mo bá sì pè, jọ̀ọ́, gbé e.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Ògbómọ̀ṣọ́.