Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Mọlémọlé Karshif ní Siwa

Sí ẹ̀yin aláṣẹ ìlú Siwa, ní aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Íjíbítì,

Àlááfíà Ọlọ́run fún yín o, ẹ̀yin bàbá wa.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo la bá wá: ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún fi sìmẹ́ńtì tún àwọn ògiri ìdí Shali, ilé olódi àtijọ́ ìlú wa, ṣe mọ́. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà padà sọ́wọ́ àwa tí a jogún rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé láti ọ̀rúndún kẹtàlá ni àwọn baba ńlá wa ti tẹ ilé olódi yẹn dó sórí òkè, kí ọwọ́ àwọn akónilẹ́rù má baà tó wọn. Iyọ̀ àti ẹrẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Etí adágún la ti ń wa iyọ̀ tó ti gan bí òkúta, tí à ń pè ní karshif, ẹrẹ̀ oníyọ̀ la sì fi ń so ó pọ̀. Ọwọ́ lásán la fi ń tẹ ẹrẹ̀ náà sínú àlàfo, gbogbo ojú ọgbẹ́ tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ á sì máa ta wá. Tí a bá mọ ìpele kan, a ó dúró kó gbẹ. Iyọ̀ inú ẹrẹ̀ á gan mọ́ iyọ̀ inú òkúta títí tí ojú kò fi ní rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Oòrùn á máa jó lóde, ara á máa tu ẹni tó wà nínú ilé.

Òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Òjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta ti ọdún 1926 ló ba Shali jẹ́ tí àwọn bàbá bàbá wa fi sọ̀ kalẹ̀. Síbẹ̀, karshif náà ni wọ́n tún fi kọ́lé nísàlẹ̀. Àfi ìgbà tí títì ọ̀dà láti Marsa Matruh, tó tó nǹkan bí 300 kìlómítà, wọlé ní àwọn ọdún 1980 ni sìmẹ́ńtì gbòde.

Lóṣù tó kọjá, kọngílá kan fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri àtijọ́ kan. Kò pẹ́ tó fi ṣí bí èèpo, ó sì fa karshif yọ dání. Àgbà kan láàárín wa kó èyí tó já bọ́ sí etí aṣọ rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Siwa rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Omi kànga wa kò ríbi ṣàn lọ, ìdí ògiri ló ń fà á mu. Karshif a máa mí in jáde. Sìmẹ́ńtì ń sé e mọ́lé ni.

Ẹ fún wa láyè láti máa wa karshif létí adágún, kí ẹ sì bá wa wá owó oúnjẹ fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ní ti ògiri tó ṣí yẹn, a ó tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀, kí ẹ wá fojú ara yín rí i.

Àwa ni tiyín,
Ẹgbẹ́ àwọn mọlémọlé karshif, Siwa