Lẹ́tà sí Àǹtí mi: kóòtù òjò yín ṣì wà lọ́dọ̀ mi

Àǹtí mi,

Mo kí yín o. Orúnkún ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí ọmọ yìí ń kọ lẹ́tà gígùn nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ lórí fóònù ni. Tí mo bá pè yín, ẹ ó fi ẹ̀rín gé e kúrú, ẹ ó ní ó ti tán, inú mi ni yóò sì tún padà sí fún ọdún méje mìíràn.

Ọ̀rọ̀ West Maroon Pass ni, ọ̀nà orí òkè tí a jọ lọ ní Colorado, ní Amẹ́ríkà.

Ẹ mọ bí mo ṣe máa ń sọ ìtàn náà. Tí ẹbí bá ti péjọ, tí ẹnì kan bá sì dá ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò sílẹ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ gbẹ́nu sókè: Àǹtí kò lè gun òkè náà nítorí orúnkún wọn, àárín òdòdó ni wọ́n jókòó sí bí ọba tó ń gbatẹ́gùn, èmi nìkan ni mo dé òkè, nígbà tí a sì ń bọ̀, òtútù mú wọn débi pé díẹ̀ ló kù kí n gbé wọn pọ̀n. Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ kò fìgbà kankan béèrè lójú wọn pé ta ló wọ kóòtù òjò yín lọ́jọ́ náà.

Mo padà lọ síbẹ̀ ní oṣù keje tó kọjá. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oru mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ sùn ní Crested Butte kí n tó gbé ẹsẹ̀, ohun tí ẹ bẹ̀ mí pé ká ṣe nígbà yẹn tí mo ní àfira ni. Ìlú yẹn fúnra rẹ̀ fi nǹkan bí 8,900 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ, ibi tí à ń gùn lọ sì tó 12,500, ìyẹn nǹkan bí 3,800 mítà. Ẹ ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nínú ọkọ̀: ìpín ọ́síjìn nínú afẹ́fẹ́ kò yí padà lókè, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló fẹ́lẹ́, tó fi jẹ́ pé ohun tí èémí kan ń gbé wọlé lókè yẹn kò ju bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tó ń gbé wọlé létí òkun. Ara ní láti jókòó ti ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó mọ̀ ọ́n lò. Mo ní, "Àǹtí, a ò sí ní kíláàsì yín o." Ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn wà lára ohun tí mo fẹ́ tọrọ àforíjì fún, àmọ́ kì í ṣe òun ló burú jù.

Lọ́jọ́ tí a jọ lọ, aago márùn-ún ìdájí ni ẹ ti múra tán. Èmi kò jí títí di aago mẹ́jọ. Gbogbo ẹni tó mọ òkè wọ̀nyẹn ló mọ̀ pé nínú oṣù keje àti oṣù kẹjọ, oòrùn á mú ẹ̀gbẹ́ òkè gbóná láàárọ̀, atẹ́gùn ọlọ́rinrin á gbéra sókè, á di ìkùukùu dúdú lọ́sàn-án, ààrá á sì tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí ẹsẹ̀ ti kúrò lórí òkè ṣáájú ọ̀sán. Àwa, aago mẹ́wàá ti kọjá kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Èmi tí mo sùn dàárọ̀ ni mo tún ń kánjú! Nígbà tí a kọjá ní Gothic, ẹ ní ká dúró díẹ̀. Ìlú àwọn awakùsà fàdákà ni tẹ́lẹ̀, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1879, wọ́n sì pa á tì nígbà tí fàdákà kò mú owó wá mọ́. Láti 1928 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti sọ ọ́ di ibùdó ìwádìí wọn. Mo ní ilé pákó àtijọ́ kò tó ohun tí à ń dúró wò. N kò mọ̀ pé níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń ka òdòdó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, lórí ilẹ̀ kan náà, láti 1974. Lẹ́yìn ọdún 39 tí wọ́n ti ń kà á, wọ́n rí i pé àsìkò òdòdó ti fi ọjọ́ 35 gùn sí i, nítorí pé àwọn kan ti ń tètè yọ, àwọn mìíràn sì ń pẹ́ kí wọ́n tó tán. Ọdún 2014 ni wọ́n gbé e jáde. Mo wá kà á nílé, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo sì rántí bí ẹ ṣe ń bojú wẹ̀yìn látinú fèrèsé ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa pápá òdòdó náà.

Ohun tí mo rí nígbà àkọ́kọ́ kò ju àwọ̀ lọ. Pupa, aró, funfun, àwọ̀ ẹyin adìyẹ. Ọ̀nà gba inú igi díẹ̀, ó já sí àfonífojì tí East Fork, ẹ̀ka odò Crystal, ń ṣàn gbà, òdòdó sì ga dé ìbàdí, níbòmíràn dé èjìká. Mo ya fọ́tò mẹ́rin, mo wo aago. Ẹ̀yin ń dárúkọ wọn bí ẹni tó wọ àgbàlá tó ń kí ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Columbine, tó jẹ́ aró lóde tó sì funfun nínú, tó ní ìrù gígùn márùn-ún lẹ́yìn níbi tó ń tọ́jú omi dídùn rẹ̀ sí de kòkòrò tí ahọ́n rẹ̀ bá gùn tó. Ẹ ní òun ni òdòdó ìpínlẹ̀ Colorado láti 1899. Èyí tí wọ́n ń pè ní elephant's head, tó ń hù níbi tí ilẹ̀ bá ti tutù, tí òdòdó kéékèèké ara rẹ̀ jọ orí erin tó gbé ọwọ́ ìjà rẹ̀ sókè, etí méjèèjì sì wà níbẹ̀. Ẹ ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n wò ó. N kò bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún fi paintbrush hàn mí. Gbogbo ènìyàn rò pé òdòdó rẹ̀ ló pupa bẹ́ẹ̀, ẹ ní rárá, ewé ló pa láró, òdòdó gan-an tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sá pamọ́ sáàárín ewé. Olè sì ni. Lábẹ́ ilẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á rá wọ inú gbòǹgbò aládùúgbò rẹ̀, á máa fa omi rẹ̀ mu. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Wo bó ṣe ń ṣoge, aṣọ aláṣọ ló wọ̀ yẹn." Mo rántí gbólóhùn yẹn dáadáa, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ dúró pátápátá. Igi òdòdó kan ló dúró lójú ọ̀nà, ó ga jù yín lọ, ó nípọn, òdòdó sì so mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ dé orí, funfun tó fẹ́ jọ ewé, tí àmì elésè àlùkò tò sára rẹ̀ tó-tò-tó. Monument plant. Ẹ fọwọ́ bonu. Ẹ ní ewé lásán ló máa ń jẹ́ nílẹ̀ fún ogún ọdún, fún ogójì ọdún, nígbà mìíràn fún ọgọ́ta, a sì yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a sì kú. Ẹ ní àwọn ará Gothic ti rí i pé ọdún mẹ́rin ṣáájú ló ti máa ń dá òdòdó yẹn sínú ara rẹ̀, nínú oṣù keje àti oṣù kẹjọ tí òjò bá rọ̀ dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Mo ní, "Àǹtí, ìkùukùu ń ṣú o." Ẹ wò mí. Ẹ ní, "Eléyìí, kò sí ẹni tó máa tún rí i mọ́. Òkè yẹn, ibi tó wà ló máa wà. Máa lọ, màá dúró dè ọ́ níbí."

Ṣé ẹ rí i? Kò sí ibi tí orúnkún wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ lè gùn ún. Ẹ yan ohun tí ẹ fẹ́ wò ni. Èmi ni mo lọ fi orúnkún sí i nílé.

Mo ti gbàgbé kóòtù òjò mi sínú ọkọ̀. Ẹ bọ́ tiyín. Ẹ ní lókè yẹn kò sí igi tí ènìyàn máa sá sí, èmi ni màá nílò rẹ̀ jù. N kò kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kódà fún ojú ayé. Wọ́n ní aṣọ àgbàwọ̀ kì í bá ni mu. Tiyín bá mi mu gẹ́lẹ́.

Ìyókù ìrìn náà kò gùn nínú máìlì, àmọ́ níbẹ̀ ni òkè ti gbé ojú rẹ̀ hàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé òkè kò ju bíi máìlì mẹ́rin, èèyàn á sì gùn tó nǹkan bí 2,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló kó jọ sí ìparí. Koríko kúrú, òkúta wẹ́wẹ́ gba ilẹ̀, ọ̀nà yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ẹsẹ̀ ń yọ̀. Ẹranko kan tó dà bí òkété ńlá súfèé mọ́ mi látorí àpáta. Orí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, àyà mi ń lù kì-kì-kì, mo ń ka ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí n tó dúró, lẹ́yìn náà márùn-ún, lẹ́yìn náà mẹ́ta.

Mo dé ibẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ibi tóóró ni, bí gàárì ẹṣin láàárín òkè méjì, ìhà kan ṣubú síbi tí mo ti wá, ìhà kejì sí ọ̀nà ìlú Aspen. Mo bì. Mo ya fọ́tò. Mo tún bì. Fọ́tò tí gbogbo ẹbí ń pè mí ní akọni lé lórí nínú WhatsApp, àárín èébì méjì ni mo yà á. N kò rí Aspen, n kò rí nǹkan kan níhà kejì, ìkùukùu ti bò ó. Ààrá sán, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. N kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lókè náà tí mo fi sáré sọ̀ kalẹ̀, tí mo fà orí kóòtù yín bo etí.

Ẹ ti kúrò lábẹ́ òdòdó gíga náà nígbà tí mo dé. Ẹ lóṣòó níbi ilẹ̀ tó lọ sílẹ̀, lórí báàgì yín, ẹsẹ̀ méjèèjì papọ̀, bí ẹ ṣe mọ̀ pé ó yẹ kí ènìyàn ṣe tí mọ̀nàmọ́ná bá ká a mọ́ gbangba. Ìwé kékeré tí ẹ fi ń yàwòrán wà lábẹ́ ẹ̀wù yín, mọ́ ikùn. Omi ń kán ní imú yín. Ohun tí ẹ kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé o dé ibẹ̀?" Mo ní mo dé ibẹ̀, pé ó rẹwà kọjá sísọ. Inú yín dùn. Èyí tó wá burú jù, Àǹtí, tí mo ti ń bọ̀ wá sọ láti òkè lẹ́tà yìí: n kò bọ́ kóòtù náà fún yín. Máìlì méjì àti ààbọ̀ la rìn padà, èyín yín ń lu ara wọn, mo ń gbọ́ ọ. Ó ṣe mí bíi pé kí n bọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Òtútù ń mú èmi náà.

Nígbà tí mo padà lọ, aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù tí mo fi dé ibi igi òdòdó yín, tàbí ibi tí mo rò pé ó wà. Kò sí ohun tó kù lára rẹ̀. Mo fẹ́ máa lọ ni mo wolẹ̀ tí mo rí ewé rẹ̀, ewé gbọọrọ tó tẹ́ sílẹ̀ yíká bí àwo, bó ṣe wà nínú àwòrán tí ẹ yà. Mo rí òmíràn. Mo ka mọ́kànlá. Kò sí èyí tó ń múra àtiyọ òdòdó, tàbí ó ṣeé ṣe kó ti wà nínú wọn tí n kò mọ̀. Mo jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan. Mo bẹ̀rẹ̀ wo orí erin náà. Òótọ́ ni, etí wà níbẹ̀.

Mo gun òkè náà ṣáájú aago mọ́kànlá, orí kò fọ́ mi. Lọ́tẹ̀ yìí mo lè sọ ohun tó wà níhà kejì fún yín: àfonífojì tó pupa bí irin tó dípẹtà, ìpẹtà irin náà ló sì wà nínú òkúta rẹ̀ lóòótọ́. Nítòsí òkè, òdòdó kan wà tó kúrú, tó nírun lára, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀. Gbogbo wọn ló kọjú sí ìlà-oòrùn, kò sí ẹyọ kan tó yà. Àwọn arìnrìn-àjò kan ń sọ̀ lọ sí ọ̀nà Aspen. Ẹsẹ̀ ń gbé wọn lọ ní bíi máìlì mọ́kànlá, ọkọ̀ á sì rìn tó bí ọgọ́rùn-ún máìlì kó tó pàdé wọn. Mo jókòó títí ìkùukùu àkọ́kọ́ fi yọjú, mo dìde.

Kí n tó fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, mo ti kọ ìtàn náà bó ṣe ṣẹlẹ̀ sínú WhatsApp ẹbí. Bọ̀ọ̀dá ti ń bú mi láti àná.

Kóòtù náà wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi láti ọdún méje. Pẹ́ńsù yín wà nínú àpò òsì rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti kán. N kò ní fi ránṣẹ́ sí yín, màá gbé e dání wá. Tí orúnkún bá gbà, ká lọ ní oṣù keje. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa wà níwájú. Aago márùn-ún ìdájí, màá ti wà nílẹ̀.

Èmi ni, àbúrò yín.