Téèsì kọ́tísọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sáré ṣe kiri

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lórí họ́mónù tí wọ́n ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù, pé tí wàhálà bá pọ̀ lórí èèyàn, họ́mónù yẹn á pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á sì máa ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí onítọ̀hún á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán nígbà tí kò tíì darúgbó. Mi ò ní ẹ parọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ já ọ̀rọ̀ náà sí, pé kí kálukú lọ ṣe téèsì rẹ̀, ló dá wàhálà mìíràn sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wa níbí l'Ábújá, torí ẹnìkan ya fọ́tò ojú ewé yẹn ó jù ú sórí WhatsApp wa, kílẹ̀ tó mọ́ àwọn obìnrin mẹ́ta ti ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe téèsì rẹ̀ àti iye tí wọ́n ń gbà.

Ọ̀kan lọ nínú wọn. Ọ̀rẹ́ mi ni, tábìlì wa fara kan ara wọn. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ló yọ jáde lọ sí láàbù kan, aago mẹ́ta ti lù, wọ́n gba owó lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í pé aago mélòó lo jí lónìí, kò sẹ́ni tó bi í pé oògùn wo lò ń lò. Nígbà tí rísọ́ọ̀tì jáde, nọ́ńbà tirẹ̀ wálẹ̀ gan-an sí èyí tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé ó yẹ kó jẹ́, èyí tí wọ́n sì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, ti àárọ̀ ni! Ẹkún ló bú sí. Ó ní ṣé nǹkan inú òun ló ti kú tán ni.

Mo pe àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mo fi fóònù sórí sípíkà kí ọ̀rẹ́ mi lè gbọ́. Ó ní ẹ fara balẹ̀, kọ́tísọ́ọ̀lù kì í dúró sójú kan. Ohun kékeré kan tó jókòó sórí kíndìnrín wa bíi fìlà ló ń ṣe é jáde, ọpọlọ ló sì ń rán an níṣẹ́. Lóru ọ̀gànjọ́ ó máa ń wálẹ̀ pátápátá, tó bá kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn téèyàn bá jí ló máa ń ga jù, lẹ́yìn náà á máa sọ̀kalẹ̀ títí di alẹ́. Ẹni tó bá fa ẹ̀jẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán tó wá fi wé ti aago mẹ́jọ àárọ̀, kí ló fẹ́ rí? Àbúrò mi wá béèrè pé, àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń fi para?

Gbogbo wa dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ṣí báàgì, ó yọ túùbù kékeré kan jáde, wọ́n kọ clobetasol sí i lára, ó ní àwọn tó ń po ìpara fún òun ní Mararaba ló ní kí òun máa pò ó mọ́ ọn kí ara lè máa dán. Ó ti tó ọdún méjì. Ẹ̀yin ara mi, ẹbí kọ́tísọ́ọ̀lù náà ni nǹkan yẹn o, steroid ni, òun àti dexamethasone tí àwọn kan ń gbé mì kí wọ́n lè sanra. Tó bá ti ń wọ ara láti ìta fún ìgbà pípẹ́, ti inú ara á ní kí lòun ń ṣiṣẹ́ sí, á jókòó. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn náà ti wà nínú ohun tó fa nọ́ńbà yẹn wálẹ̀. Ìwé ìròyìn yín ò sọ gbólóhùn kan nípa ìpara, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ka yín, ìdajì wa ló ń para.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìwádìí tí ẹ mẹ́nu bà yẹn. Ní ìlú Framingham l'Amẹ́ríkà ni, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2018. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 2,200, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí ọdún 48, kò sí ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń ṣe nínú wọn, àárọ̀ kùtù kí wọ́n tó jẹun ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn (ẹ kíyè sí i, ÀÁRỌ̀). Àwọn tí kọ́tísọ́ọ̀lù wọn ga, ìrántí wọn ò dáa tó ti àwọn yòókù, ọpọlọ wọn náà sì kéré díẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán rẹ̀, ti àwa obìnrin ló sì hàn jù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yẹn o. Wọ́n rí nǹkan méjèèjì pọ̀ ni, wọn ò sọ pé èkíní ló bí èkejì, wọn ò sì sọ pé kí gbogbo ayé lọ ṣe téèsì.

Pé kọ́tísọ́ọ̀lù ń bá ọpọlọ ṣe nǹkan, ìyẹn ò tuntun. Láti 1968 ni ọ̀gbẹ́ni Bruce McEwen ti fi hàn lára eku pé ibi tí wọ́n ń pè ní hippocampus nínú ọpọlọ, ibi tí a ń kó ìrántí tuntun sí, ló máa ń gba irú họ́mónù yìí sára jù. Tí wàhálà ò bá kúrò lọ́rùn eku fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀ka àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á máa súnkì, tí wọ́n bá sì fi eku náà sílẹ̀ kó sinmi, á tún máa yọ padà. Èyí tó ń yọ padà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ, ẹ ò kọ ọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ lọ dé Amẹ́ríkà, ẹ ò yà ní Ìbàdàn. Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun àti Ogunniyi pẹ̀lú àwọn òyìnbó tọ àwọn arúgbó wa ní Idikan lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis l'Amẹ́ríkà. Ní 2001 tí èsì jáde, nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ti lé ní ọdún 65, àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dún kan jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Ṣé àwọn ará Idikan ò ní wàhálà ni? Ẹ lọ bi wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀ lára wọn tó ti àwọn ará ọ̀hún. Ti rọpárọsẹ̀ náà, ìwádìí SIREN tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Owolabi ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà, tó jáde ní 2018 kan náà, ka nǹkan mọ́kànlá tó ń fà á. Wàhálà ọkàn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo wọn, kò tiẹ̀ sí èyí tó sún mọ́ ọn. Iyọ̀ tí a ń bù sórí oúnjẹ tó ti jinná wà níbẹ̀, àìkìí jẹ ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń fi mọ́tò rẹ̀ ṣe along, ó ń kó èrò lójú ọ̀nà, láti Mararaba sí Berger. Èmi náà Mararaba ni mò ń gbé, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mò ń jí, torí tí aago mẹ́fà bá ká mi mọ́ Nyanya, sún kẹrẹ fà kẹrẹ láti ibẹ̀ dé Kugbo dé AYA, ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́, tí mo bá sì wọ mọ́tò ẹni tí mi ò mọ̀ ọwọ́ mi kì í kúrò lára ilẹ̀kùn torí wán-ṣáàǹsì. Kọ́tísọ́ọ̀lù mi á ga, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Ti ẹ̀gbọ́n mi yàtọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ṣéńjì àwọn èrò, ó gba owó lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́ẹ̀mejì ní Kugbo, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú. Ilé ní ayé ló ń ṣe é. Ẹnìkan ní ìrònú ni, kó má ronú mọ́ (bí ẹni pé bọ́tìnnì wà tí wọ́n ń tẹ̀). Mo fà á wọ ilé kẹ́mísìtì ẹ̀bá ọ̀nà, mallam ibẹ̀ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n-ẹ̀jẹ̀ sí i lápá, 198 lórí 112, ó tún un wọ̀n, kò yàtọ̀, ó wò mí ó ní sannu Hajiya, ẹ gbé e lọ sí hospital báyìí báyìí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, ó ti pa á tì torí wọ́n ní ara ẹ̀ ti yá.

Iye tí ọ̀rẹ́ mi san fún téèsì kan yẹn á ra oògùn ẹ̀gbọ́n mi fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹ jọ̀ọ́, olóòtú, ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ tún nǹkan yẹn kọ. Ẹ kọ ọ́ pé dókítà ló ń sọ ẹni tó nílò téèsì kọ́tísọ́ọ̀lù, pé aago tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ṣe pàtàkì, pé kí wọ́n jẹ́wọ́ ìpara tí wọ́n ń lò, kí ẹ sì gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè pátápátá níwájú. Ẹ fi fọ́tò ẹ̀rọ ìwọ̀n-ẹ̀jẹ̀ sí i dípò ti obìnrin tó fi ọwọ́ mú orí yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi ti rí dókítà. Wọ́n ní kó má dá ìpara yẹn dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó sì ń bínú sí mi pé àwọ̀ ojú òun ti ń ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sójú ọ̀nà, obìnrin Kugbo yẹn ò tíì wọ mọ́tò ẹ̀ mọ́.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Mararaba