Ẹ̀yin Ọmọ Abẹ́òkúta, Ta Ló Sọ Ọ̀rẹ́ Yín Di Ọ̀tá?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìwé kíkà.

Ọ̀rọ̀ kan kò jẹ́ kí n sùn. Ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa, tó wà ní SS2, yọ́ mú ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, ó jù ú sí ṣáláńgá. Wọ́n jọ ń lọ síléèwé, wọ́n jọ ń bọ̀ ni o! Wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní bàbá òun ti kìlọ̀ pé bí òun kò bá gba ipò kìíní, kí òun má wálé.

Ẹ̀rù ohun tí ọmọ yẹn máa dà lọ́la ló ń bà mí. Bó bá di nọ́ọ̀sì ńkọ́? Ṣé yóò fi ohun tó mọ̀ han ẹnìkejì rẹ̀, àbí yóò dákẹ́ kí aláìsàn kú?

Nígbà tí a wà léwe ní Ìtòkú, àtùpà kan ni gbogbo wa fi ń kàwé. Ẹni tó mọ ìṣirò á kọ́ wa, èmi á ka Gẹ̀ẹ́sì sókè. Aláró ni ìyá mi, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Bí a bá dákẹ́, á pariwo láti ìdí ìkòkò aró pé, "Ta ni kò yé? Ẹ tún un sọ fún un!" Kò mọ ìwé o, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a sùn títí yóò fi yé ẹni tó gbẹ̀yìn.

Ìlú wa náà ńkọ́? Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin alákọ̀wé àti àwọn ìyá ọlọ́jà pọ̀, wọ́n kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Ẹgbẹ́ yẹn ló bá owó-orí obìnrin jà, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ká ní àwọn alákọ̀wé fi ìwé wọn pamọ́ ńkọ́?

Ẹ̀yin òbí, ẹ yé bi ọmọ pé, "Ẹni tó gba ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní?" Ó tó gẹ́ẹ́! Níbo ni wọ́n kọ ipò kìíní sí lórí ìwé ẹ̀rí WAEC? Láti A1 dé C6, kírẹ́díìtì ni. Bí gbogbo kíláàsì bá ní márùn-ún, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, ta ló gba ti ta?

Ẹ ó ní JAMB ńkọ́. Lóòótọ́, àyè yunifásítì kò tó. Ṣùgbọ́n gbogbo Nàìjíríà lẹ jọ ń du àyè yẹn. Bí o bá ba ti ẹni tó jókòó tì ọ́ jẹ́, kí lo rí gbà?

Bí ẹ bá yá ìwé, ẹ dá a padà. Ẹni tó mọ nǹkan, kó ṣàlàyé rẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti rí èyí tí kò tíì yé òun náà. Mi ò ní kí ẹ jọ jíwèé wò nínú yàrá ìdánwò o. Olè nìyẹn.

Àní, ọmọ kékeré ju ìwé ọ̀rẹ́ ẹ̀ sí ṣáláńgá!

Ẹ̀yin tí ẹ ó ṣe WAEC lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ máa wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ìtòkò lálẹ́. Iná sólà wà, àga pọ̀. Kí ẹni tó ń bọ̀ mú ẹnì kan dání nínú àwọn tí kíláàsì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá yín ni.