Jasmine Tàbí Yasmin? Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Sọmọ Lórúkọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń bímọ ní Kubwa, Nyanya àti Lugbe, ní Abuja níbí,

Ẹ kú ọwọ́ lómi o. Ọlọ́run á wo gbogbo wọn.

Níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ọmọ mi ní Kubwa, oyin, iyọ̀ àti obì ti wà níwájú wa, omi tútù wà nínú abọ́, ni bàbá ọmọ bá ní Jasmine lorúkọ rẹ̀. Mo ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó wo ilẹ̀. "Ó kàn dùn létí ni, Màámi." Ìyá Hausa tó múlé tì wá pàtẹ́wọ́ lórí ẹní: "A, Yasmin!" Àṣé orúkọ ọmọ ọmọ tirẹ̀ náà nìyẹn. Ọmọ mi kọ̀ jálẹ̀: ti Mùsùlùmí ni Yasmin, ti òyìnbó ni Jasmine.

Orúkọ kan náà ni. Páṣíà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráànì lónìí, ló ti wá. Yasamin ni wọ́n ń pe òdòdó náà. Lárúbáwá gbà á lọ́wọ́ wọn, ó dé ilẹ̀ Yúróòpù, Faransé sọ ọ́ di jasmin, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á níbẹ̀. Òyìnbó tí ẹ rò pé ó ni ín, òun náà yá a lò ni.

Òdòdó ọ̀hún kéré, ó funfun, ó tẹ́ bí ìràwọ̀. Irú rẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé alẹ́ ló ń tanná, tí òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá. Àwọn ará Ṣáínà a máa tẹ́ ẹ sáàárín ewé tíì mọ́jú kí òórùn rẹ̀ lè wọ̀ ọ́. (Queen of the night tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, òun kọ́ o. Ìyẹn, mọ̀lẹ́bí tòmátò ni. Jasmine, mọ̀lẹ́bí igi ólífì. Mo ti rà á rí, mo sì ń pe àlejò wá gbóòórùn "jasmine" mi bí ẹni tó mọ nǹkan.)

Orúkọ òdòdó kì í ṣe tuntun. Susanna inú Lúùkù 8:3, lílì ni lédè Hébérù. Furera tí ẹ ń gbọ́ ládùúgbò, láti ara fure ni, òdòdó lédè Hausa. Àwa Yorùbá ni a kì í sábà fi òdòdó sọmọ; ohun tí ojú ilé rí là ń sọ: Rẹ̀mílẹ́kún, Ayọ̀délé, Abíọ́nà. Mi ò ní kí ẹ má sọ Jasmine o. Ẹ ṣáà mọ ìtàn rẹ̀ kí ọmọ tó bi yín, kí ẹ sì fi ti ilé kún un.

Lọ́jọ́ náà, mo ju owó sínú omi, mo ní Àbẹ̀ní, torí ọdún méje la fi bẹ Ọlọ́run kó tó dé. Ìyá Hausa náà ju tirẹ̀ sí i, ó ní Yasmin lòun ó máa pè é. Títí dòní, tó bá ti ké "Yasmin!" láti ẹ̀yìn ògiri, ọmọ méjì ló ń sáré jáde.