Sí Àdùkẹ́, lórí èérún òkúta inú kànga

Àdùkẹ́ mi,

Mo gbọ́ pé wọ́n ti kó èérún òkúta kànga epo lé ọ lọ́wọ́, pé kí o bá wọn sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Mo yọ̀, àyà mi sì já díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni èmi ti fẹsẹ̀ kọ.

Kì í ṣe iṣẹ́ tuntun fún obìnrin ṣá o. Esther Applin, Alva Ellisor àti Hedwig Kniker ti fi foraminifera, àwọn ẹ̀dá omi tín-ín-tín tó ní ìkarahun, to ìpele ilẹ̀ etíkun Texas fáwọn elépo. Ìwé wọn jáde lọ́dún 1925.

Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kànga lọ, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ń dàgbà sí i. Nítorí náà, ibi tí o bá ti kọ́kọ́ rí irú foraminifera kan bí o ti ń sọ̀kalẹ̀, àsìkò tó kásẹ̀ nílẹ̀ láyé nìyẹn. Ibẹ̀ ni kí o gbẹ́kẹ̀ lé. Má fi ibi tó parí sí nísàlẹ̀ ṣe ẹ̀rí, torí ògiri kànga máa ń ya: èérún òkè á já sínú ẹrẹ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga, á bá ti ìsàlẹ̀ gòkè wá, wọn á sì jọ wà nínú àpò kan náà.

Mo mọ èyí lórí, àmọ́ nígbà tó kàn mí, mo gbàgbé. Nínú kànga kan, irú foraminifera tí wọ́n ń pè ní Globotruncana pọ̀ lábẹ́ máíkíróskópù mi, ó mọ́, ó dán. Rotalipora, irú mìíràn tó ti wà ṣáájú wọn, méjì tàbí mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn. Mo ní ọ̀gbàrá ayé àtijọ́ ló hú àwọn yẹn níbòmíràn wá dà síbẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé ìpele Campanian, ìyẹn ti àsìkò Globotruncana, la ṣì wà. Rotalipora wọ̀nyẹn gan-an ló nílẹ̀! Wọ́n ti parẹ́ láyé láti nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 94 sẹ́yìn; àwọn tó pọ̀ yẹn ló já láti òkè. Ọ̀gá mi ò bú mi. Ó kàn fi abẹ́rẹ́ tọ́ka sí inú ìkarahun Globotruncana náà: amọ̀ aláwọ̀ eérú ló kún un, bẹ́ẹ̀ òkúta tí a ń gbẹ́ funfun báláú. Ojú tì mí ju kó bú mi lọ.

Bí òkúta ẹfun náà bá le, tí kò ṣeé fọ̀, ní kí wọ́n fá a lórí gíláàsì títí yóò fi fẹ́lẹ́ tó ìdá 3 nínú 100 mìlímítà. Wàá rí ìkarahun wọn bí ìgbà tí a fọ̀bẹ là wọ́n láàárín. Etí Rotalipora á ṣe ṣóńṣó kan. Ti Globotruncana á ní ṣóńṣó méjì, bí igun tí wọ́n gé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá gba ìdí ibòmíràn là á, kò ní fún ọ ní orúkọ, má fipá sọ ọ́ lórúkọ.

Àwọn tó ń gbẹ́ kànga á máa pè ọ́ lóru bí ẹni pé ilé ń jó. Kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ri páìpù irin mọ́ gbẹ̀yìn. Òkúta tó wà lẹ́yìn páìpù yẹn ò lè já wá bá ọ mọ́.

Tí o bá rí èyí tó ní ṣóńṣó kan, bó jẹ́ ẹyọ kan péré, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó kọ ohunkóhun. Mi ò tíì sùn.

Ìyá rẹ